Orí Apani-Òkun Tí Ọdẹ́dínà Kò Gbé Délé

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìtàn akọni, ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé, kí n má fi àkókò yín ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ìtàn ẹni tó ṣubú máa ń dùn ju ìtàn ẹni tó dúró lọ, ẹ sún àga yín mọ́ ọ̀dọ̀ mi. Mo ti darúgbó, mo sì ti pẹ́ nílẹ̀ àjèjì. Ohun tí mo rántí ni mo ń sọ. Bí ibì kan bá yẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ kà á sí eyín tó ti kán lẹ́nu mi. Ọdẹ kan ni ìtàn náà dá lé, Ọdẹ́dínà ni orúkọ rẹ̀. Èmi náà ni. Àmọ́ nígbà tí mo bá rántí bí ọkùnrin yẹn ṣe máa ń wú bí ọ̀pọ̀lọ́ tó mu omi òjò, ojú máa ń tì mí láti pè é ní "èmi". Orúkọ rẹ̀ ni n ó máa pè é, kí ẹ lè bá mi fi ṣe yẹ̀yẹ́ láìwo ojú mi.

Òkè-Ìjàn ni wọ́n bí Ọdẹ́dínà sí, níbi tí oòrùn ti ń yọ láti ẹ̀yìn àpáta. Ó mọ ìbọn yìn, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá pa ọ̀yà kan nínú igbó, kó tó dé ẹnu odi, ọ̀yà ti di ìgalà. Kó tó dé àárín ìlú, ìgalà ti di ẹfọ̀n. Ìyá rẹ̀, Ẹ̀fúnbọ̀wálé, a wo inú ìkòkò, a wo ojú ọmọ rẹ̀, a ní òun kò mọ̀ pé ẹfọ̀n lè kó tìwotìwo wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ òun kó sì tún ku àyè fún ilá.

Nígbà tí Olúọdẹ ìlú papò dà, àwọn méjì ló ń du oyè rẹ̀: Ọdẹ́dínà, àti ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ń jẹ́ Ògúnbánwò. Ọba wọn, Ọlọ́jàn, pe gbogbo ọdẹ jọ sí gbàgede ààfin. Ògúnbánwò dọ̀bálẹ̀, ó ní iṣẹ́ tí kábíyèsí bá rán òun ni òun yóò jẹ́, ó sì padà lọ jókòó. Ọdẹ́dínà kò jókòó. Ẹmu ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní ẹran orí ilẹ̀ ti tán lójú òun. Ó ní òun gbọ́ pé níbi tí ilẹ̀ parí sí, ẹranko kan wà nínú òkun tí wọ́n ń pè ní Apani-Òkun, irú àbùùbùtán kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tí inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, tí ń pa ẹja, tí ń pa ẹran, tí ń pa àbùùbùtán tó jù ú lọ, tí àwọn apẹja kì í dárúkọ rẹ̀ lójú omi. Orí rẹ̀ ni òun yóò gbé wá fún kábíyèsí fi ṣe àpótí ìtìsẹ̀.

Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó lè fà á láṣọ, ó ti yọ ọ̀bẹ ọdẹ, ó ti fi ahọ́n kan irin rẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ó ní bí òun bá tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Òkè-Ìjàn láìgbé orí Apani-Òkun lọ́wọ́, kí irin tí òun fi ahọ́n kàn pa òun.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í bá irin ṣàwàdà. Ọba fúnra rẹ̀ ní òun kò béèrè orí ẹja lọ́wọ́ ẹnì kankan. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ọdẹ́dínà wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé gbogbo ènìyàn ti ń wò ó bí ẹni tó ti rìn jìnnà. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó di ààdùn kún àpò rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un:

"Dínà, ẹnu rẹ ti lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ kò mọ̀. Sáré tẹ̀lé e."

Ó sáré tẹ̀lé e. N kò ní ka òkè tó gùn tàbí odò tó là kọjá, nítorí kò sí ẹni tí òkè kì í rẹ̀, kò sì sí ẹni tí odò kì í rin láṣọ. Ohun tó yẹ ní sísọ ni ti Igbó Ẹ̀yìn-Lojú. Gbogbo iwin tí ń gbé inú igbó yẹn, ìpàkọ́ ni ojú wọn wà. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí ibi tí wọ́n ń lọ, igi ni wọ́n sì ń fi orí gbá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọdẹ́dínà rẹ́rìn-ín títí ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ léjìká rẹ̀. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni àgbà iwin kan, tí etí rẹ̀ wà lórúnkún, ti dì í mú. Ó ní òfin igbó àwọn ni pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín yóò já àlọ́ kan. Bí kò bá já a, yóò gbé òun pọ̀n dé òpin igbó.

Ọdẹ́dínà ní kí ó mú mẹ́wàá wá. Iwin ní ẹyọ kan tó.

"Kí ni ọdẹ ti rí nígbà ẹgbẹ̀rún, tí kò tíì rí i rí?"

Ọdẹ́dínà ní ìpàkọ́ ara rẹ̀ ni. Iwin ní rárá. Ọdẹ́dínà tún ní ẹran tí ọdẹ ẹlòmíràn pa ni. Iwin ní ìlara nìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. Ọdẹ́dínà ronú títí òógùn bo ojú rẹ̀, ó wá ní irú ohun bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó fẹ́ gbé orí Apani-Òkun ṣe gbé iwin àgbà pọ̀n bí ọmọ ọlọ́mú. Iwin yẹn wúwo bí ọlọ, ó ń kọrin sí i létí, ó sì ń fi orúnkún rẹ̀ gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kìkì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òpin igbó, iwin bọ́ sílẹ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ẹranko ni ìdáhùn. Ó ní ojú ìbọn ni ọdẹ fi ń wo ẹranko, ojú ìbọn kì í sì í rí ju ibi tí ọta yóò gbà wọlé lọ. Ọdẹ́dínà ní àlọ́ òmùgọ̀ ni, ó sì ń di ẹ̀yìn mú lọ.

Láti ibẹ̀ ó dé Ìwọ̀n-Ẹnu. Ìlú yẹn kò ní oníbodè, kò ní ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìfọ́nnu yòówù tí ènìyàn bá fọ́n nínú odi rẹ̀, òkúta ló ń dà nínú àpò rẹ̀. Ọdẹ́dínà kò mọ̀. Ó kí ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé pé òun ni Ọdẹ́dínà, a-di-ẹkùn-mú-nírù. Ohun kan bíi ẹyin pẹ́pẹ́yẹ já sínú àpò rẹ̀. Ó ní ṣé báyìí ni ẹ ṣe ń kí ọkùnrin tó ti sùn nínú ibùba erin? Ohun kan bí orí ọmọ odó já tẹ̀lé e. Ó bínú, ó ní kò sí àpò tó lè wúwo jù fún òun. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn bí àgbò. Ó ti mọ́ àwọn ará ìlú náà lára. Ńṣe ni wọ́n ń yà fún un bí ẹni ń yà fún ewúrẹ́.

Bàbá kan tó ń hun àwọ̀n létí ọ̀nà, tí kò tilẹ̀ gbójú sókè, sọ fún un pé òótọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń yọ òkúta kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́dínà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ó ní ẹkùn yẹn, àìsàn ló pa á, ọjọ́ kejì ni òun débẹ̀. Ó ní lóòótọ́ ni òun sùn nínú ibùba erin, ṣùgbọ́n ọ̀nà ló dàrú mọ́ òun lójú, erin sì ti rin ìrìn-àjò. Ó ní àpá tó wà láyà òun, tí òun máa ń ṣí aṣọ fún àwọn omidan pé ìwo ẹfọ̀n ló dá a, ọparun àjà ìyá òun ló dá a, níbi tí òun ti ń jí ẹran jẹ. Àpò ń fúyẹ́, ó ń fúyẹ́, ó ku òkúta kékeré kan tí kò lọ. Ó bi bàbá aláwọ̀n pé ti kí ni èyí. Bàbá ní ti ìbúra rẹ̀ ni. Ìyẹn kò tíì mọ̀ bóyá irọ́ ni òun tàbí òótọ́, kí ó ṣì máa gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ẹ yẹ àpò tiyín náà wò.

Báyìí ni ó ṣe dé Odi-Omi, níbi tí ilẹ̀ parí sí. Irun àwọn ará ibẹ̀ kì í gbẹ, etí wọn sì fẹ̀ bí ewé kókò. Ọdẹ́dínà kò tíì parí ìkíni rẹ̀ tí wọ́n fi sọ fún un pé Apani-Òkun tí ó ń wá, àwọn ti mú ọ̀kan, ó wà lẹ́yìn ilé Baálẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Baálẹ̀ Odi-Omi fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère Apani-Òkun sí ẹnu odi, kí ó máa dẹ́rù ba àwọn ọ̀tá. Agbẹ́gilére sì ní òun kò lè gbẹ́ ohun tí òun kò rí. Ni àwọn apẹja bá lọ ju ọ̀kọ̀ olókùn lu ọ̀kan, kí wọ́n lè wo òkú rẹ̀ gbẹ́ ère. Ṣùgbọ́n kò kú. Ńṣe ló ń tẹ̀lé okùn bọ̀ bí àgùntàn, tí àwọn apẹja ń gbọ̀n nínú ọkọ̀ tí òun sì ń tẹ̀lé wọn jẹ́jẹ́. Wọ́n fi òkúta mọ odi ká apá kan òkun, wọ́n fi ìlẹ̀kùn pákó ńlá dí ẹnu rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá irin há ìlẹ̀kùn náà. Wọ́n ju ewúrẹ́ sí i, kò jẹ. Wọ́n ju orí ẹṣin sí i, kò jẹ. Oṣù kan gbáko ni kò fi jẹun. Gbogbo ìlú wá fẹnu kò pé ẹran ènìyàn ló ń retí. Nígbà tí wọ́n rí Ọdẹ́dínà, àlejò tí ó sanra díẹ̀, inú wọn dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Baálẹ̀ ní kí ó pa á, kí ó gbé orí lọ. Ara tó kù ti tó agbẹ́gilére wò. Ọdẹ́dínà kò rò pé ọ̀ràn náà lè rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí àga Olúọdẹ. Ó ki ìbọn rẹ̀, ó lọ sí etí odi. Obìnrin arúgbó kan jókòó síbẹ̀, tó ti orí atọ́, akèrègbè ọlọ́rùn gígùn, bọ omi, tó sì gbé ọrùn atọ́ náà lé etí. Okùn gígùn kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí ó ń ta ní kókó. Afetísómi ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ẹranko náà wá ló ti jókòó níbẹ̀. Bí ẹranko bá ké, á ta kókó kan sí okùn, irú igbe kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú kókó tirẹ̀. Ìlú ti pa á tì bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ó wo ìbọn, ó wo ẹni tó gbé e. "Ọ̀gá ọdẹ, ní ìlú yín, ṣé ọdẹ máa ń pa ẹranko tí kò mọ oríkì rẹ̀?"

"Èèwọ̀ ni, Ìyá," ni Ọdẹ́dínà wí, ó sì wú. "Ẹranko tí a kò bá kì kí a tó pa á, ẹ̀mí rẹ̀ kò ní fi ilé ọdẹ sílẹ̀."

"Ó dáa. Ki èyí kí n gbọ́."

Ọdẹ́dínà la ẹnu. Ó mọ oríkì erin, ó mọ ti ẹfọ̀n, ó mọ ti etu àti ti ọ̀bọ. Ó lè ki ẹtà títí ẹtà yóò fi tijú. Ti èyí, ẹnu rẹ̀ ṣófo bí agolo. Kò sí ọdẹ kan tó jókòó ti ẹranko yìí rí. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, láti ẹnu ọ̀kọ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin arúgbó ṣe fi èèwọ̀ ilé rẹ̀ so ó mọ́lẹ̀. Ọdẹ́dínà ní òun yóò fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe oríkì náà. Oṣù mẹ́fà ló lò.

Ọjọ́ kìíní, ó dúró létí odi, ó ń kì í bí ó ṣe gbọ́ ọ nílé: apani-má-tọrọ-gáfárà, elẹ́nu ìyọnu, ọ̀tá ọmọ ènìyàn. Ẹranko náà yọrí, ó tẹ́tí, ó sì tu omi sí i lójú. Ọdẹ́dínà fò sẹ́yìn, ó sá, kò dúró títí ó fi dé abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ẹja ẹnì kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á jáde ní ìrọ̀lẹ́ tòun ti ìpẹ́ lórí. Afetísómi kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní ìlà ìyẹn kò bọ́ sí i.

Ọjọ́ kẹjọ, ó ń jẹ ẹja lórí odi, ẹja já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹranko tí ó kọ orí ẹṣin gbé e mì. Ọdẹ́dínà ju òmíràn, ó jẹ ẹ́. Ìlú kó apẹ̀rẹ̀ ẹja wá, ó jẹ, ó jẹ, ó wá gbé ẹyọ kan, ó bù ú sí méjì, ó gbé ìdajì rẹ̀ sórí òkúta níwájú Ọdẹ́dínà, ó sì dúró bí ìyálé tó ń wò bóyá àlejò yóò jẹun. Ọdẹ́dínà, tí kì í fún ẹnì kankan ní itan ẹran láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ yìn ín, kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń ṣí. Òun àti Afetísómi rí i pé ihò kan wà lórí ẹranko náà tí ó fi ń mí bí tiwa, pé ara rẹ̀ gbóná, pé kì í ṣe ẹja rárá. Wọ́n fi ewé bò ó lójú, wọ́n ju òrùka sínú omi. Ó ń ké kẹ́kẹ́kẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì lọ gbé òrùka náà wá tààrà, bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ni ó fi ń ríran. Ọdẹ́dínà bọ́ sínú omi lọ́jọ́ kan, kì í ṣe pé ó ní ìgboyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀. Ẹranko náà fi imú tì í padà sétí odi bí ẹni ń ti ìdọ̀tí jáde nílé. Kò bù ú jẹ. Ọdẹ́dínà tilẹ̀ bínú díẹ̀ sí i.

Oríkì wá ń gùn. Ó fi ìlà kan sí i tí ó fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ojú ara rẹ̀ ló fi rí i: lẹbẹ gíga tó wà lẹ́yìn ẹranko náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn pa. Ó kì í ní a-fi-lẹbẹ-wólẹ̀-kí-òkun, ó ní ilà ìdílé wọn nìyẹn. Afetísómi fetí sí i, ó ní ó dùn, ó sì ní kí ó bá òun wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun kí ó tó há a sórí.

Wọ́n tukọ̀ jáde ní òwúrọ̀. Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, mẹ́sàn-án lára wọn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Arúgbó abo kan ló ṣáájú, àwọn akọ gìrìwò gìrìwò ń tẹ̀lé e bí ọmọ tí ń tẹ̀lé ìyá lọ sóko. Kò sí lẹbẹ ẹyọ kan tó tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dúró ṣánṣán bí òpó. Afetísómi ti atọ́ bọ omi, ó fetí sí i, ó ń fi àtàǹpàkò ka kókó okùn rẹ̀, ó sì ń mi orí: igbe tí àwọn wọ̀nyí ń ké, kókó kan náà ni pẹ̀lú ti èyí tó wà lẹ́yìn ilé Baálẹ̀. Ní ọ̀sán wọ́n bá ìdílé mìíràn pàdé lápá ìsàlẹ̀; ohùn tiwọn yàtọ̀ pátápátá, bí ohùn ará Ìjẹ̀bú ṣe yàtọ̀ sí ti ará Ìgbómìnà.

"Ojú ọgbẹ́ ìdè lo rí," ni Afetísómi wí, "lo pè é ní ilà ìdílé. Má bínú, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti wí fún àwọn ènìyàn pé eyín wọn kúrú. Òkúta odi ló ń gé jẹ, ló fi kúrú. Ìdajì ohun tí odi yẹn kọ́ wa, ọ̀rọ̀ nípa odi ni."

Ọdẹ́dínà bi í pé ìdajì kejì ńkọ́.

"Ìdajì kejì ni pé bí kò bá sí odi yẹn, kò sí ẹni tí ì bá jókòó. Ọ̀kọ̀ nìkan ni à bá fi máa kí wọn títí ayé. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa, ọmọ mi."

Wọ́n padà, wọ́n ń jókòó lọ, wọ́n ń ti inú odi lọ sójú òkun, wọ́n ń ti ojú òkun bọ̀ sínú odi. Afetísómi mọ ìdílé náà lọ́kọ̀ọ̀kan wàyí. Ó mọ̀ pé ìyá àgbà, arúgbó abo tó ń ṣáájú wọn, kò bímọ mọ́, ṣùgbọ́n òun ló mọ ibi tí ẹja wà lọ́dún ọ̀wọ́n. Ó mọ̀ pé ọmọ kì í kúrò lọ́dọ̀ ìyá, ìbáà ti hu irùngbọ̀n. Èyí tó wà nínú odi, ọmọ ọmọ ìyá àgbà yẹn ni. Lójoojúmọ́ ni ó sì ń ké igbe kan náà sí ìlẹ̀kùn pákó.

Nígbà tí oṣù kẹfà pé, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pé sùúrù ìlú ti tán, oríkì ti tó, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ kí àlejò pa ẹran rẹ̀ kí ó máa lọ sílé rẹ̀. Ilé! Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nínú ilé yín lójoojúmọ́ kò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dún létí ẹni tó wà lájò. Ọdẹ́dínà mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí ẹranko yìí bá kú, òun yóò tún jókòó lẹ́nu ọ̀nà ìyá òun. Bí kò bá kú, irin ti gbọ́ ohun tí òun sọ, irin kì í sì í gbàgbé. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló máa lọ sílé. Afetísómi kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìbọn wà, ó sì gbé atọ́ rẹ̀ lọ sí òdìkejì odi.

Ó lọ lówùúrọ̀. Gbogbo ìlú tò sórí odi. Ó gbé ìbọn léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í gẹ́gẹ́ bí èèwọ̀ ti wí:

Apani kọ́, ọmọ ilé ìyá ni.
A-mí-bí-ènìyàn láàárín ibú,
a-fọ́mọ-lọ́mú-lábẹ́-ìjì.
A bò ó lójú, ó rí òrùka nísàlẹ̀ omi,
ohùn ni ojú rẹ̀.
Ó ní ẹja kan, ó bù ú sí méjì,
ó ní àlejò kì í febi wo ẹnu onílé.
Ìyá àgbà ń lọ níwájú, akọ ńlá ń wọ́ tẹ̀lé e;
arúgbó kò bímọ mọ́, òun ló mọ̀nà oúnjẹ.
Ilé kan kì í fọ ohùn ilé kejì.
Ó pé ogún ọdún, ẹ̀gbẹ́ ìyá ló wà,
ó pé ogójì ọdún, ẹ̀gbẹ́ ìyá ló wà.
Ìwọ tí o gbé ìbọn dání yìí, ẹ̀gbẹ́ ta lo wà?

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, kò ṣe é sílẹ̀. Ẹ̀yin oníjàálá mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Orin a gbé ni, a sọ ohun tí ènìyàn kò rán an. Ọdẹ́dínà dúró sójú kan, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹranko náà ké igbe rẹ̀ sí ìlẹ̀kùn, ohùn kan sì dá a lóhùn láti ojú òkun lóde. Ohùn àgbà, kókó kan náà.

Wọ́n ní ó pariwo. Irọ́ ni, kò pariwo. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí odi, ó ti ẹnu ìbọn bọ abẹ́ ọ̀pá irin tó há ìlẹ̀kùn, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ìbọn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un tẹ̀ bí dòjé. Ọ̀pá irin fò, ìlẹ̀kùn ṣí, omi òkun ya wọlé, ó gbé Ọdẹ́dínà yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Ohun dúdú ńlá kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìdúró dúpẹ́. Nígbà tí ó fi máa fa ara rẹ̀ sórí òkúta, ní ìhòòhò lójú gbogbo ìlú, àwọn mẹ́wàá ló ń lọ lójú òkun, arúgbó abo ṣáájú.

Baálẹ̀ bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Agbẹ́gilére ló pẹ̀tù sí i: ó ní oríkì yẹn ti tó òun wò, kò sì sí ohun tí òun kò lè gbẹ́ nínú rẹ̀. Ère náà wà lẹ́nu odi dòní, lẹbẹ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Kò ba ẹnì kankan lẹ́rù. Àwọn ọmọdé ló ń gùn ún.

Ọdẹ́dínà kò lè lọ sílé. Ó kọ́ bí a ṣe ń ta kókó okùn. Ó di akọ̀wé etí òkun lọ́dọ̀ Afetísómi, ẹni tí ń fi etí sin ẹran tó wá fi ìbọn pa. Irun rẹ̀ kò gbẹ mọ́. Nígbà tó pé ọdún mẹ́rin, ó bá oníyọ̀ kan tí ń lọ sókè pàdé, ó kọ́ ọ ní oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kí ó kì í ní ààfin Òkè-Ìjàn, kí ó sì sọ bí ọ̀ràn ṣe jẹ́, kí ó má bù mọ́ ọn.

Ó tó ọdún méjì kí èsì tó dé. Ọkùnrin Òkè-Ìjàn kan ló mú un wá, Ṣówándé lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí dáadáa nígbà tí Ọdẹ́dínà ti ń yìnbọn. Bí ó ṣe la ẹnu kí i pé "ẹ kú ibùgbé o, bàbá," pẹ̀lú ohùn ilé, bí wọ́n ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ wọlẹ̀ bí ẹni ń sọ ẹrù kalẹ̀, Ọdẹ́dínà di etí òkúta mú. Ọ̀dọ́ náà jíṣẹ́. Ó ní Ògúnbánwò ti jẹ Olúọdẹ, ó ń ṣe é dáadáa. Ọba ní ìbúra irin kò sí lọ́wọ́ òun láti tú. Wọ́n ti ki Apani-Òkun láàfin, orí àwọn àgbà wú, wọ́n sì ti ń kì í níbi ìsìnkú ọdẹ, àmọ́ àwọn ọmọdé kò mọ ẹni tó ṣe é.

Ọdẹ́dínà béèrè ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ́ náà ní ìyá wà, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ní nígbà tí wọ́n ki oríkì náà tán, ó ní kí wọ́n tún un kì, ó sì rán òun níṣẹ́ kan.

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé, nínú gbogbo ẹran tí Dínà ti pa, èyí tí kò pa yìí nìkan ni àwọn gbà gbọ́."

Ọdẹ́dínà ní kí ó tún un sọ. Ṣówándé tún un sọ. Ó ní kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, gẹ́lẹ́ bí ìyá ṣe sọ ọ́. Ọ̀dọ́ náà rò pé etí bàbá ti ń di. Ó gbé ẹnu súnmọ́ ọn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mú okùn rẹ̀ nílẹ̀, ó pa ojú dé, ó sì ń ta á ní kókó.